D. F. McKenzie àti Ọwọ́ tí ó Tẹ Ìwé

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ èdè léèrè pé kí ni iṣẹ́ ẹni tí ń yẹ ìwé àtijọ́ wò, yóò dáhùn pé àṣìṣe ni onítọ̀hún ń wá. Ìdáhùn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ọkùnrin kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì gbé e dé orí ọ̀ràn ilẹ̀ àti ti ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Donald Francis McKenzie ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Timaru ní New Zealand ni a ti bí i ní 1931. Nígbà tí ó jáde ilé-ìwé, iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe, a sì máa fi àkókò tí ó bá ṣẹ́ kù kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Victoria ní Wellington. Láti ibẹ̀ ni ó ti rékọjá sí Cambridge, tí ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1961.

Cambridge ni ó ti bá ìṣúra pàdé. Ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì náà kò da ìwé owó rẹ̀ nù: àwọn ìwé tí àwọn atò-lẹ́tà, àwọn tí ń fa ẹ̀rọ, àti àwọn tí ń yẹ iṣẹ́ wò fi gba owó wọn láti 1696 títí dé 1712 ṣì wà níbẹ̀. McKenzie jókòó tì wọ́n. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé iṣẹ́ akọ̀wé owó lásán ni èyí. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Kí ó tó dé, àwọn àgbà ìmọ̀ yìí, W. W. Greg ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Fredson Bowers ní Amẹ́ríkà, ti ṣe gudugudu méje. Wọ́n mọ̀ pé kí ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kọjá lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣa lẹ́tà òjé jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí a bá mọ ìṣe atò-lẹ́tà, a ó lè ya àṣìṣe tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti òǹkọ̀wé. Nínú ìwé ńlá eré Shakespeare tí a tẹ̀ ní 1623, bí a ti kọ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi dá ọwọ́ wọn mọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó rí “aiye” ní ojú ewé kan, tí ó rí “ayé” ní òmíràn, tí ó sì wí pé ènìyàn méjì ni ó tò ó. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń ṣírò lọ, pé báyìí ni atò-lẹ́tà ń tò lójúmọ́, pé ìwé kan ṣoṣo ni ilé ìtẹ̀wé ń dojú kọ títí yóò fi parí.

McKenzie rí i nínú ìwé owó pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ ẹnì kan lè pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí kí ó sì kéré gan-an ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìwé mélòó kan ni wọ́n sì ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ènìyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe aago. Òun tìkára rẹ̀ mọ bí iṣẹ́ náà ti ń rí, nítorí ní 1962 ó dá ilé ìtẹ̀wé Wai-te-ata sílẹ̀ ní Yunifásítì Victoria, níbi tí a ti ń fi ọwọ́ to lẹ́tà. Ìwé rẹ̀ lórí Cambridge jáde ní 1966. Ní 1969, ó kọ àròkọ gígùn kan tí ó fi yé wa pé àwọn atẹ̀wé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ròyìn, inú orí àwọn ọ̀mọ̀wé náà ni wọ́n ń gbé. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni pé inú ìwé àtìgbàdégbà tí Bowers fúnra rẹ̀ jẹ́ olóòtú rẹ̀ ni àròkọ náà ti jáde. Àgbà tí a wá bá wí ní ilé rẹ̀, tí ó sì gbé àga fún ẹni tí ń bá a wí, kò wọ́pọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ka sí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù jáde ní 1985, ó sì dá lé ìwé àdéhùn Waitangi. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì 1840 ni àwọn ìjòyè Māori ní New Zealand bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ sí ìwé tí William Hobson, aṣojú Ọbabìnrin Victoria, gbé síwájú wọn. Èdè méjì ni a fi kọ ọ́, àwọn méjèèjì kò sì sọ ohun kan náà. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi gbogbo àṣẹ lórí ilẹ̀ wọn lé Ọbabìnrin lọ́wọ́. Ní Māori, tí ajíhìnrere Henry Williams túmọ̀ sí, “kāwanatanga” ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Láti ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwa náà sọ di “gómìnà” ni wọ́n ti mú un. Ìpín tí ó tẹ̀ lé e sì fi ipò àti ọlá àwọn ìjòyè sílẹ̀ fún wọn. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú nǹkan bí 500 ìjòyè, ti èdè Māori ni wọ́n fọwọ́ sí.

Gbogbo ènìyàn ni ó ti ń fi èdè méjì yìí wéra. McKenzie bèèrè ohun mìíràn: kí ni ìwé jẹ́ lójú àwọn tí ó fọwọ́ sí i? Àwọn ajíhìnrere ti ń yangàn pé àwọn Māori ti di onímọ̀ ìwé, wọ́n sì ń ka iye ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n iye ìwé tí a pín kọ́ ni iye ẹni tí ó lè kà á. Lójú ọ̀pọ̀ ìjòyè náà, ohun tí a sọ ní gbangba, tí etí gbọ́, ni àdéhùn. Tákàdá kàn jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni. William Colenso, atẹ̀wé CMS tí ó tẹ àdéhùn náà ní èdè Māori, wà níbẹ̀. Ó bi Hobson ní gbangba bóyá àwọn ìjòyè náà mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí. Wọn kò tìtorí ìyẹn dúró.

CMS yìí kan náà ni Henry Townsend ń bá ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Ọba Dòsùnmú fi àmì sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin kan náà. McKenzie kò kọ̀wé nípa Èkó. Èmi ni mo fi wọ́n wéra. Kí ni Dòsùnmú gbọ́, kí sì ni ìwé wí? Ọ̀ràn náà kò tán títí di 1921, nígbà tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilẹ̀ àmúnisìn dá a fún Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, pé ìwé náà kò gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.

Àwọn kan ní McKenzie na ìmọ̀ náà kọjá ààlà, nítorí ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu, àwòrán ilẹ̀, orin àti sinimá yẹ ní irú àyẹ̀wò kan náà tí à ń fún ìwé. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ kí babaláwo méjì ki ẹsẹ kan náà ní ọ̀nà méjì, n kò mọ bí yóò ti bá a jiyàn. Kò sì torí èyí pa iṣẹ́ àkọ́kọ́ tì. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford ní 1989, ó fẹ̀yìn tì ní 1996, gbogbo àkókò yẹn ni ó sì ń tún iṣẹ́ William Congreve, òǹkọ̀wé eré, yẹ̀ wò ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó kú ní 1999 láì parí rẹ̀. C. Y. Ferdinand ni ó bá a parí rẹ̀, ó sì jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta ní 2011.