Pàkúté Nínú Ilé: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Ìtàn Ibà Lassa

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà kékeré yìí ni ipa tí eku mímú kó nínú ìtàn ibà Lassa. Èrò wa ni pé ibi tí olùwádìí bá dẹ pàkúté sí ni ó máa ń pinnu irú ìtàn tí yóò kọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn míṣọ́n ṣàìsàn ní ìlú Lassa, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ náà kú. Ní 1970, àrùn náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos. Nítorí pé inú ìwé ilé ìwòsàn ni ẹ̀rí wà, ohun tí ó hàn jù ni bí aláìsàn ṣe ń kó o ran olùtọ́jú. Orísun rẹ̀ gan-an wà nínú òkùnkùn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, Monath àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àwọn ẹranko ní agbègbè Panguma àti Tongo ní Sierra Leone, nígbà tí àrùn náà ń jà níbẹ̀. Wọn kò fi iṣẹ́ wọn mọ sí ilé àwọn aláìsàn. Wọ́n tún mú eku nínú ilé mìíràn ní àwọn ìlú kan náà. Ìfiwéra yìí ni kókó iṣẹ́ náà. Mastomys natalensis, èkúté ọlọ́mú púpọ̀, ni ó pọ̀ jù nínú eku tí wọ́n mú nínú ilé, ilé aláìsàn ni wọ́n sì ti rí i jù. Wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara rẹ̀.

Báyìí ni ìtàn kúrò ní wọ́ọ̀dù, tí ó wọ ilé ìdáná àti àká, níbi tí ìtọ̀ eku ti ń ba oúnjẹ jẹ́. Àwọn àgbà ṣáà ti wí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Síbẹ̀, ó yẹ kí a ṣọ́ra. Àṣeyọrí yìí mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà fún ìgbà pípẹ́ pé eku kan ṣoṣo ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri. Ní 2016, àwọn olùwádìí kéde pé àwọn rí i lára Hylomyscus pamfi ní Nàìjíríà, àti lára Mastomys erythroleucus ní Nàìjíríà àti Guinea.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni ó tọ́ sí òpìtàn: ibo ni wọ́n dẹ pàkúté sí, ibo ni wọn kò sì dẹ ẹ́ sí? Ìdáhùn sí èkejì lè jẹ́ ìpìlẹ̀ ìwádìí tí ó kàn.