Ẹrù tí Ó Ju Ọ̀nà Lọ: Ìtàn Ìwọ̀n Ìdì Ọ̀rọ̀ láàárín Swíìṣì àti Ráútà

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ti Asaba dá odò Ọya kọjá sí Onitsha, Bridge Head ni yóò kọ́kọ́ bá, èyí tí í ṣe orí afárá. Kí wọ́n tó parí afárá náà ní oṣù Kejìlá ọdún 1965, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé mọ́tò àti ẹrù sọdá. Ohun tí ọkọ̀ náà kò bá lè gbà, wọn a tú u sí wẹ́wẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a dúró sí bèbè. Ní ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ọmọ ogun Biafra ba apá kan afárá náà jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ má baà rí ọ̀nà gbà wọlé. Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba ṣí afárá kejì. Síbẹ̀, afárá kò mú títú ẹrù kúrò ní ìlú. Ẹni tí ó mọ ọjà oògùn Bridge Head mọ̀ pé káàtọ̀nù tí tìrélà gbé wá ní láti di páálí kéékèèké kí ọmọlanke tó lè gbé e wọ inú ọjà.

Ẹrù tí ó ju ọ̀nà lọ kì í ṣe ìṣòro ńlá ní irú ibi bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹnìkan yóò pariwo sí awakọ̀ pé kò lè gbà. Nínú ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà, ariwo náà gan-an ni ó máa ń sọnù. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn ìwọ̀n ìdì, láti ọdún 1981 títí di ìsinsìnyí, jẹ́ ìtàn ẹni tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ tí kò sọ ọ́, tàbí tí wọn kò jẹ́ kí ó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí èdè ìperí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 dá lórí ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ìdì ni a ó máa pe ègé ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń dì ránṣẹ́, báìtì ni a ó sì fi máa wọ̀n ọ́n. Swíìṣì ni ẹ̀rọ tí ó ń pín ìdì láàárín agbo ilé kan. Ráútà ni ó ń gbé ìdì láti agbo ilé kan lọ sí òmíràn. Ráútà lè tú ìdì ńlá sí kéékèèké, ó sì lè ránṣẹ́ padà sí ẹni tí ó dì í. Swíìṣì kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìdì tí ó bá ju ẹnu rẹ̀ lọ, yóò sọ ọ́ nù, yóò sì fi oókan kún iye tí ó ń kà sínú ara rẹ̀, ó parí.

Bí ìwọ̀n ṣe di púpọ̀

Ilé-iṣẹ́ Xerox ní California ni Robert Metcalfe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ Ethernet ní ọdún 1973. Nígbà tí Digital, Intel àti Xerox tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní ọdún 1980, 1500 báìtì ni ẹrù tí ó pọ̀ jù tí ìdì kan lè gbé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981, ìwé RFC 791 tí Jon Postel ṣe olóòtú rẹ̀ gbà kí ìdì tó 65,535 báìtì, ṣùgbọ́n ó fi dandan lé e pé gbogbo kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lè gba 576. Ráútà tí ọ̀nà iwájú bá kéré fún ni yóò tú ìdì. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni yóò tò ó padà. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà kò dọ́gba: FDDI ń gba 4352, Ethernet ń gba 1500, X.25 ń gba 576.

Ní ọdún 1987 ni Christopher Kent àti Jeffrey Mogul kọ̀wé tako títú ìdì lójú ọ̀nà. Bí káàtọ̀nù kan bá di páálí mẹ́fà, tí ọ̀kan sì já sódò, kọ̀ǹpútà kò ní gba márùn-ún tí ó kù. Gbogbo rẹ̀ ni yóò dànù, tí a ó sì tún fi ránṣẹ́. Mogul àti Stephen Deering mú ọ̀nà àbáyọ wá nínú RFC 1191 ní oṣù Kọkànlá ọdún 1990. Kí ẹni tí ń ránṣẹ́ kọ ọ́ sára ìdì pé wọn kò gbọdọ̀ tú u. Ráútà tí kò bá lè gbà á yóò sọ ọ́ nù, yóò sì fi iṣẹ́ ICMP ránṣẹ́ padà pé, “Ó tóbi jù, iye báyìí ni ọ̀nà mi gbà.” Ìlànà yìí rẹwà, ṣùgbọ́n orí iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Ìdákẹ́

Ní ọdún 1996 ni àwọn ènìyàn ṣàwárí pé iṣẹ́ ICMP tí ó ju 65,535 báìtì lọ lè dá kọ̀ǹpútà dúró. Ọ̀pọ̀ alábòójútó ìsokọ́ra fi ìbẹ̀rù irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ICMP pátápátá, iṣẹ́ rere àti búburú pa pọ̀. Nígbà tí ó fi di ọdún 2000, Kevin Lahey ti ń kọ RFC 2923 nípa àwọn ọ̀nà tí ń gbé ìdì mì láìsọ̀rọ̀.

Àárín àkókò yìí kan náà ni àwọn àfikún kéékèèké wọlé. Àmì VLAN fi báìtì 4 kún ìdì ní ọdún 1998, ìyẹn ni pé 1518 di 1522 bí a bá ka orí àti ìdí rẹ̀ mọ́ ọn. Swíìṣì àtijọ́ tí kò mọ àmì náà a máa kà á sí ẹrù àpọ̀jù. PPPoE gba báìtì 8 ní ọdún 1999, ẹrù 1500 sì di 1492. Ní Nàìjíríà, GSM bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, okùn abẹ́ òkun SAT-3 dé ní ọdún 2002, MainOne sì dé ní ọdún 2010. Iṣẹ́ kan lè gba sátẹ́láìtì, rédíò àti okùn kọjá kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ, oríkèé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ àìsàn náà kì í yí padà: lẹ́tà kúkurú ń lọ, fọ́tò há, ojú ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó dúró. Ó kan èdè wa pẹ̀lú. Nínú UTF-8, a gba báìtì kan, à gba méjì, ẹ gba mẹ́ta, ẹ́ sì gba márùn-ún. Lẹ́tà tí a kọ láìsí àmì lè kọjá, kí ẹ̀dà rẹ̀ tí ó ní àmì há, kí ẹnìkan sì di ẹ̀bi ru àmì ohùn!

Àwọn ráútà nìkan ni wọ́n kọ́ láti máa kìlọ̀ fún ara wọn. Gẹ́gẹ́ bí ìwé OSPF tí John Moy kọ ní ọdún 1998, ráútà yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún aládùúgbò. Bí èyí bá ju ohun tí aládùúgbò lè gbà lọ, wọn kò ní pa ìmọ̀ pọ̀. Èyí ń bí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ nínú. Lójú tiwa, ó sàn kí méjì kọ ara wọn ní gbangba ju kí wọ́n máa da ẹrù nù ní ìkọ̀kọ̀.

Bí a ṣe ń wá a

Nítorí pé swíìṣì kì í sọ̀rọ̀, ènìyàn ní láti dán ọ̀nà wò fúnra rẹ̀. A ó fi ping ránṣẹ́ pẹ̀lú àṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ tú u, a ó bẹ̀rẹ̀ láti 1472. Orí ìdì jẹ́ 28, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1500. Bí 1472 bá há, tí 1464 sì kọjá, 1492 ni ọ̀nà náà gbà. Lẹ́yìn náà ni a ó wo iye ìdì tí swíìṣì kọ̀ọ̀kan kà pé òun sọ nù, a ó sì rí i pé kò sí swíìṣì tí ẹnu rẹ̀ kéré ju ohun tí ráútà ń rán gbà á kọjá. Bí oríkèé tóóró náà kì í bá ṣe tiwa, a lè ní kí ráútà wa máa sọ fún kọ̀ǹpútà méjèèjì, nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ kí ara wọn, pé kí ègé ọ̀rọ̀ wọn má ju 1452 lọ.

Matt Mathis àti John Heffner gbé e gba ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2007 nínú RFC 4821: kí ẹni tí ń ránṣẹ́ má retí ohùn ẹnikẹ́ni, kí ó máa fi ìdì tí ó ń tóbi sí i dán ọ̀nà wò fúnra rẹ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe é. Ní ti IPv6, tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1998, kò gba ráútà láàyè láti tú ìdì rárá. 1280 báìtì ni ó kéré jù tí ọ̀nà gbọ́dọ̀ gbà. Alábòójútó tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ICMP níbẹ̀ ti pa ẹnu ẹni kan ṣoṣo tí ó lè sọ fún wa pé ẹrù ti ju ọ̀nà lọ.