Ọ̀yọ́ Aláàfin àti Iṣẹ́ Kíkọ́ Olùkọ́ Ọmọdé

Ọ̀yọ́ Aláàfin, ọmọ Àtìbà, ìlú tí àwọn baba wa ń wí pé a-jí-ṣe-bí-Ọ̀yọ́ là á rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnì kan: igbá fínfín, iṣẹ́ awọ, ìlù dùndún àti ààfin Ikú Bàbá Yèyé ni tilé-toko fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan tún wà tí ìlú náà ti dì mú láti ọdún 1896, tí àwọn akígbe kì í sábà mú mọ́ oríkì rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé, ní tèmi, kò yẹ kó gbẹ́yìn níbẹ̀: iṣẹ́ kíkọ́ àwọn tí yóò lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Abẹ́ Olúmọ ni iṣẹ́ náà ti ta gbòǹgbò kó tó dé Ọ̀yọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1853 ni ìjọ C.M.S. dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nítorí kò sí bí òyìnbó ṣe lè pọ̀ tó tí yóò tó láti kọ́ ọmọ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ará Jámánì kan, Gottlieb Bühler, ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Samuel Johnson wọ ibẹ̀ ní 1863. Nígbà tí Johnson sì jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Ìbàdàn ni wọ́n rán an lọ láti ṣe tíṣà. Ní 1867 ni Ifọ́lé dé, tí àwọn Ẹ̀gbá tú ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn òyìnbó ká, tí wọ́n lé wọn kúrò nílùú, tí ilé-ẹ̀kọ́ náà fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Èkó. Níbẹ̀ ni ó wà títí ogun Kírìjì fi rọlẹ̀ tí ọ̀nà òkè fi là, tí ó sì di 1896 kó tó ṣí wá sí Ọ̀yọ́, ní ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní, tí a sì sọ ọ́ ní St. Andrew's College. Ẹni tó jẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́ nígbà náà ni Samuel Johnson kan náà, ẹni tó parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ lórí àwọn Yorùbá ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Ẹni tó bá wọ St. Andrew's kò wá fún ìwé nìkan. Lẹ́bàá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ni ilé-ẹ̀kọ́ ìdánraṣe wà, níbi tí olùkọ́ tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ti ń dúró níwájú ọmọdé, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń wo bó ti ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí á wo kíláàsì ABD, èyí tí ẹni tí kò ṣe é rí máa ń rò pé kò sí wàhálà níbẹ̀. Bí olùkọ́ bá kàn ń ké “b-a ba, d-a da” tí àwọn ọmọ sì ń gbè é lẹ́nu rẹ̀, láìpẹ́ gbogbo kíláàsì yóò ti mọ ojú ìwé náà sórí láìmọ ẹyọ lẹ́tà kan. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò fi ọwọ́ bo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, yóò sì ní kí ọmọ mú un láti àárín, ibẹ̀ ni òtítọ́ yóò ti hàn. Lẹ́yìn èyí ni ohùn: yóò kọ igba, igbá, ìgbà àti ìgbá sára pátákó, yóò máa fi dò-re-mí pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì ní ṣí ojú ewé mìíràn títí etí ọmọ tó kẹ́yìn nínú kíláàsì yóò fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe. St. Andrew's ni ó ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ó parí ní 1929, láti 1930 títí di 1939 sì ni ó fi wà nídìí ẹ̀ka jẹ́lé-ó-sinmi ti ilé-ẹ̀kọ́ ìdánraṣe náà. Inú àwọn ọdún wọ̀nyí ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ní 1938. Èmi kò gbà pé ọ̀tọ̀ ni ìwé náà, ọ̀tọ̀ ni kíláàsì: ẹni tí ń bá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀, tó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti rọ̀ díẹ̀ báyìí ojú wọn yóò ti gba ojú fèrèsé jáde, kò ní ṣàì mọ bí a ti ń fi ìtàn mú ènìyàn dání. Ẹ sì wo ipò tí a fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ èyí, wọn kò sì fi àwọn ọmọ tó kéré jù lọ sílẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ kò tíì yé.

Ohun tí ó yí padà lẹ́yìn náà nìyẹn. Ọmọ St. Andrew's mìíràn, Adékúnlé Ajáṣin, ni ó kọ ìwé àbá tí ẹgbẹ́ Action Group gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lé, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbéra láti nǹkan bí 457,000 lọ sókè 800,000 láàárín ọdún kan. Iṣẹ́ ńlá ni, ìran Yorùbá kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ a kì í bí olùkọ́ lọ́jọ́ kan. Wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíréèdì Kẹta sílẹ̀ káàkiri, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́fà ni wọ́n fà lé kíláàsì lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni olórí ilé-ẹ̀kọ́, tí ìdánwò àṣekágbá ń kọ lóminú, kó àwọn àgbà tíṣà sí kíláàsì òkè, ó sì kó àwọn ọmọ tuntun fún tíṣà tuntun. Ó dùn mí pé àṣà náà kò tíì tán nílẹ̀ wa.

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti gbìyànjú láti tún un ṣe. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Mọ́dákẹ́kẹ́, wọ́n kọ ìwé ìṣirò àti ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá, wọ́n tún àwọn olùkọ́ kọ́ lórí bí a ó ti lò wọ́n, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ ọ̀tọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn ọmọ wọ̀nyí ta àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn yọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Kíkọ́ olùkọ́ fún àwọn ọmọ tí ojú tàbí etí wọn kò ṣiṣẹ́ ló pẹ́ jù. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ di adití lọ́mọdé, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, ó sì ń kọ́ àwọn adití mìíràn láti di olùkọ́. Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1974. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí ti Ọ̀yọ́ lónìí, Federal College of Education (Special), níbi tí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ afọ́jú ti ń fi àmì mẹ́fà tí a ń fi ìka kà kọ́ ìwé kíkà lákọ̀tun. Irin ṣóńṣó ni yóò fi máa gún ìwé láti ẹ̀yìn, láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì, gbogbo lẹ́tà ní òdìkejì, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí ó bá yí ìwé náà padà, ìka ọmọ yóò bá a bó ṣe yẹ láti òsì lọ sí ọ̀tún.