Ilà Lára Bàálù: Ìtàn Ẹṣin Baracca



Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí ni mo rántí bí mo ti ń ka ìtàn àwọn tí ó fi bàálù jà nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ní ọdún 1914, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ a máa yìnbọn lu bàálù tiwọn, nítorí pé wọn kò dá a mọ̀. Ìdí nìyí tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi kun àmì tirẹ̀ sí ìyẹ́ bàálù. Síbẹ̀, bàálù ẹgbẹ́ kan kò yàtọ̀ sí ti èkejì, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní rédíò. Ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ya àwòrán tirẹ̀. Ẹyẹ àkọ̀ ni ti ẹgbẹ́ kẹta ilẹ̀ Faransé. Fìlà nínú òrùka ni ti ẹgbẹ́ 94 ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lójú tèmi, ilà ni wọ́n kọ fún bàálù, gẹ́gẹ́ bí àbàjà tàbí pélé ti ń sọ ilé tí ènìyàn ti wá.

Francesco Baracca, ọmọ ìlú Lugo ní ilẹ̀ Ítálì, ti jẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin kí ó tó di awabàálù. Ní ọdún 1917, ó ya ẹṣin tí ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró sí ara bàálù rẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ àtijọ́ ni. Bàálù ọ̀tá 34 ni ó já lulẹ̀ kí ó tó kú ní òkè Montello, ní ọjọ́ 19 oṣù Òkúdù, ọdún 1918. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ 91 sì sọ àmì rẹ̀ di ti gbogbo wọn.

Lẹ́yìn tí Enzo Ferrari borí nínú eré ìje ọkọ̀ kan nítòsí Ravenna ní ọdún 1923, ó pàdé àwọn òbí olóògbé. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, Paolina, ìyá Baracca, ni ó ní kí ó lo ẹṣin náà fún oríire. Ferrari fi àwọ̀ ìyeyè ti ìlú Modena sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ gbé e lọ sí pápá ìje ní ọdún 1932.

Gbogbo ayé ni ó mọ ẹṣin náà lónìí. Mélòó ni ó mọ ẹni tí ó ni ín? Àmì wà, ìtàn rẹ̀ ń sá lọ. Tiwa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 lòdì sí ilà kíkọ fún ọmọ, n kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí abẹ padà. Ṣùgbọ́n àwọn ojú tí ó kọlà ń wọlẹ̀ lọ, ìtàn wọn sì ń bá wọn lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè ìtumọ̀ ilà wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ire o.