Fọ́ọ̀mù ìkànsíni tó ń lọ́ra

Fọ́ọ̀mù ìkànsíni ni àyè tí àlejò ìkànnì ayélujára ti ń kọ orúkọ, àdírẹ́sì ímeèlì àti ohun tó fẹ́ sọ, kó tó tẹ bọ́tìnnì kí ọ̀rọ̀ náà lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ìkànnì. Télọ̀, ilé ìwé aládàáni, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé oúnjẹ, gbogbo wọn ló ń lò ó, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní òṣìṣẹ́ tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. A máa ń sọ pé fọ́ọ̀mù ń lọ́ra bí a bá tẹ bọ́tìnnì tán, tí àmì ìdúró ń yí bírí, tí èsì kò dé. Jakob Nielsen kọ ọ́ nínú ìwé Usability Engineering ní ọdún 1993 pé bí ìdúró bá ti tó ìṣẹ́jú àáyá 10, ọkàn ẹni tó ń dúró kì í sí lórí ohun tó ń ṣe mọ́. Oníbàárà tó fẹ́ rán aṣọ, tàbí òbí tó fẹ́ fi orúkọ ọmọ sílẹ̀, ló ń bá ibẹ̀ lọ yẹn.

Nẹ́tíwọ̀kì ni a kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìkànnì àwọn ará Nàìjíríà wà lórí sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ìkànnì, ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n bí dátà bá gba okùn abẹ́ òkun láti Èkó dé London tó sì padà, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ló ń gbà. Bó bá lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ìṣẹ́jú àáyá kan péré náà ni. Ìyẹn kò lè mú ènìyàn dúró fún odindi ìṣẹ́jú. Fọ́ọ̀mù tó ń gba fọ́tò nìkan ni mo lè dá nẹ́tíwọ̀kì lẹ́bi fún: fọ́tò MB 5 jẹ́ megabit 40, bí fóònù bá sì ń fi megabit kan ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni yóò fi gòkè.

Ẹ ṣí Chrome tàbí Firefox lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, kí ẹ wo abala Network bí fọ́ọ̀mù ṣe ń lọ. Ẹ ó rí àkókò tí a fi ránṣẹ́, ẹ ó sì rí àkókò tí a fi dúró de èsì sáfà lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ ìdúró de èsì ló gùn, inú sáfà ni ọ̀rọ̀ wà. Síbẹ̀ àwọn kan á máa dín àwòrán ojú ewé kù, wọn á lọ san owó sáfà tó tóbi jù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun tí sáfà ń ṣe nígbà náà ni pé ó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ kó tó dá àlejò lóhùn. Bí Contact Form 7, tí Takayuki Miyoshi ará Japan gbé jáde ní 2007 fún WordPress, ṣe ń ṣe nìyẹn, bí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù mìíràn náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìlànà SMTP tí Jonathan Postel kọ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1982 ni ímeèlì ń tẹ̀ lé. Sáfà méjèèjì á kí ara wọn, wọn á sọ ẹni tó kọ léta àti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, kí wọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún ara wọn, ìkíní sì gbọ́dọ̀ dúró de èsì ìkejì ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà yẹn, àlejò ń wo bọ́tìnnì.

Iye àkókò ìdúró gan-an ló máa ń tú àṣírí, nítorí náà ó yẹ kí a fi aago wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5 tàbí 10 ní gbogbo ìgbà, DNS, ètò tó ń fi orúkọ wá àdírẹ́sì sáfà, ni kí a fura sí: ìṣẹ́jú àáyá 5 ni Linux ń dúró de sáfà orúkọ tí kò dáhùn kó tó gbìyànjú òmíràn. Ẹ wo fáìlì /etc/resolv.conf bóyá àdírẹ́sì sáfà tó ti kú wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 60, ó lè jẹ́ Sendmail, púrógíráámù tí Eric Allman kọ ní Yunifásítì California ní Berkeley. Bí Sendmail kò bá mọ orúkọ ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ ní kíkún, bí àpẹẹrẹ tó rí "web1" tí kò ní ohunkóhun lẹ́yìn, á sùn fún ìṣẹ́jú kan kó tó tún bèèrè. Kíkọ orúkọ náà ní kíkún sínú /etc/hosts ló ń parí rẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá 60 náà ni PHP, èdè tí a fi kọ WordPress, fi ń ní sùúrù de sáfà mìíràn bí a kò bá yí i padà, nítorí náà ẹ ka àkọsílẹ̀ sáfà ímeèlì kí ẹ tó dá ẹjọ́.

Bí ìdúró bá lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì, pọ́ọ̀tù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà jáde, ni wọ́n tì. Linux á máa kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, á tún un kàn lẹ́ẹ̀mẹfà sí i, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 127 yóò sì kọjá kó tó jáwọ́. Àwọn tó ń yá ènìyàn ní sáfà ló ń tì í nítorí àwọn oníjìbìtì: Google Compute Engine ti pọ́ọ̀tù 25, DigitalOcean ti 25, 465 àti 587. Níbi tí 587 bá ṣí, òun ni kí a lò, torí òun ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí láti 1998. Níbi tí kò bá ṣí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ímeèlì ń gba léta ní pọ́ọ̀tù 2525. Ohun èlò tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò bóyá jìbìtì ni náà máa ń pè sáfà òde, ó sì lè fa irú ìdúró kan náà.

Ní tèmi, àtúnṣe tó dúró pẹ́ ni kí sáfà kọ ọ̀rọ̀ àlejò sínú àká dátà, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kó sì fi ímeèlì ránṣẹ́ lẹ́yìn náà. Postfix, tí Wietse Venema kọ nígbà tó wà ní IBM, ń ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí: á gba léta sórí ìlà tirẹ̀, á sì jẹ́ kí fọ́ọ̀mù máa lọ. Ẹni tó ń lo wp-cron, aago iṣẹ́ inú WordPress, láti fi ímeèlì náà ránṣẹ́ ní láti ṣọ́ra, nítorí pé kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹnìkan bá wá sórí ìkànnì. Lórí ìkànnì tí èrò kò pọ̀, léta lè sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí a lọ sínú cPanel, kí a ní kí cron gidi, aago iṣẹ́ sáfà fúnra rẹ̀, máa pè é ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Títí àtúnṣe yóò fi parí, kí bọ́tìnnì má ṣeé tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá ń rí ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta nínú ímeèlì, àlejò tí sùúrù rẹ̀ tán ló ń tẹ̀ ẹ́ léraléra.

Ìdúró kan tún wà tí kì í ṣe ti fọ́ọ̀mù rárá. Láti ọdún 2003 tí Evan Harris ti kọ nípa greylisting, àwọn sáfà ímeèlì kan máa ń dá léta àjèjì padà pé kó tún wá láìpẹ́. Postfix á padà wá. Fọ́ọ̀mù tó ń bá sáfà òde sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ láìní ìlà kankan kò ní padà, léta náà á sì sọnù. Bí àká dátà bá ti kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó ni ìkànnì á ṣì bá orúkọ àti àdírẹ́sì ímeèlì oníbàárà níbẹ̀, á sì dá a lóhùn.