Fíìmù Mẹ́rin Hubert Ògúndé: Iṣẹ́ Ọnà Tó Ń Wá Olùtọ́jú

Arìnrìnàjò tó bá ti Èkó gba ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn, tó kọjá Ẹ́sítéètì OPIC, tó ré Ìbàfò àti Mówé kọjá, tó sì yà ní Ṣàgámù, yóò kan Ọ̀sọsà kí ó tó wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ìlú kékeré ni Ọ̀sọsà, ṣùgbọ́n nínú ìtàn eré Yorùbá, ìlú ńlá ni. Níbẹ̀ ni a bí Hubert Adédèjì Ògúndé sí ní ọdún 1916. Ibẹ̀ náà ni ó padà sí nígbà tí ó fẹ́ fi ẹ̀rọ ayàwòrán ṣe ohun tí ó ti ń fi ohùn, ijó àti ìlù ṣe fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Fíìmù mẹ́rin ni ó gbé jáde: Aiyé (1979), Jáíyésinmi (1981), Àròpin N't'Ènìyàn (1982) àti Àyànmọ́ (1988). Kí ni ó mú kí wọ́n dúró lọ́kàn àwọn tó wò wọ́n? Kí sì ni ó lè mú kí wọ́n parẹ́?

Ọlọ́pàá ni Ògúndé kí ó tó di òṣèré. Ní 1944, ó ṣe eré àkọ́kọ́ rẹ̀ fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó. Ní 1945, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti ń gbé eré láti ìlú dé ìlú, gẹ́gẹ́ bí àwọn eégún aláré ti ń ṣe láyé àtijọ́. Àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni òpómúléró ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú, ẹgbẹ́ kò tú ká. Ní 1966 ni a tó mú òfin náà kúrò.

Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe fíìmù ní èdè Yorùbá. Ọlá Balógun, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Paris, ti darí Àjàní Ògún ní 1976, nínú èyí tí Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Lọ́fù, àti Dúró Ládiípọ̀ ti ṣeré. Ọlá Balógun yìí kan náà ni ó darí Aiyé. Eré orí ìtàgé ni Aiyé tẹ́lẹ̀: babaláwo kan tí ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá, tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, ni ó dojú kọ àwọn àjẹ́ tí ń da ìlú láàmú. Lórí ìtàgé, ojú inú ni òǹwòran fi ń rí agbára àìrí. Nínú fíìmù, ènìyàn lè yọ lójijì, kí ó sì pòórá lójú ẹni. Síbẹ̀, Ògúndé kò jẹ́ kí idán ẹ̀rọ gba ipò ohùn. Ọfọ̀ àti orin ni ẹran ara eré náà, ó sì mú wọn wọ Jáíyésinmi, níbi tí ìjà Ọ̀ṣẹ́túrá ti tẹ̀ síwájú.

Àwọn kan bá a wí pé ọ̀rọ̀ àjẹ́ pọ̀ jù níbẹ̀. Ìbáwí yẹn ní ìdí, nítorí ọ̀pọ̀ arúgbó obìnrin ni ìfura lásán ti kó bá láwùjọ wa. Ṣùgbọ́n ohun tí eré náà ń bèèrè ju ọ̀rọ̀ àjẹ́ lọ: ta ni yóò dúró fún ìlú nígbà tí ibi bá gbilẹ̀?

Bí a bá wá ẹni tí a lè fi iṣẹ́ Ògúndé wé ní ilẹ̀ mìíràn, Satyajit Ray ará Bengal ní Índíà yẹ fún àgbéyẹ̀wò. Fíìmù olórin oníjó láti Bombay ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa mọ̀ mọ́ Índíà. Ti Ray yàtọ̀. Mẹ́ta ni ó ṣe lórí ìgbésí ayé Apu, ọmọ abúlé tó dàgbà di ọkùnrin: Pather Panchali (1955), Aparajito (1956) àti Apur Sansar (1959). Ọ̀wọ́n owó mú kí àkọ́kọ́ gbà tó ọdún mẹ́ta. Jẹ́jẹ́ ni Ray ń sọ̀rọ̀. Òjò, ọkọ̀ ojú irin àti ojú ọmọdé ń sọ ohun tí ẹnu kò sọ. Ògúndé ní tirẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọ̀nà wọn kò jọra, ṣùgbọ́n èdè abínibí àti ilẹ̀ abínibí ni àwọn méjèèjì dúró lé.

Níbi ìtọ́jú ni ọ̀nà ti pín. Àwọn òṣèré wa kì í fi fíìmù wọn sílẹ̀ fún onílé sinimá. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń gbé e kiri pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán sára aṣọ funfun, nítorí ẹ̀dà tó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni ti di ti olè. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, mọ èyí lára: àwọn olè da Òrun Móorú (1982) kọ, gbèsè ni ó sì já sí fún un. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ tí a fi gba fíìmù lọ́wọ́ olè ni ó tún mú kí ẹ̀dà rẹ̀ ṣọ̀wọ́n fún ìran tó ń bọ̀. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, fíìmù di ọ̀wọ́n gógó, eré inú fídíò sì gba ipò rẹ̀. Ògúndé papòdà ní London ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1990.

Ipa rẹ̀ kò bá a kú. Ọfọ̀, babaláwo àti ìjà rere pẹ̀lú ibi kún inú eré àgbéléwò. Túndé Kèlání, tó ti ya àwòrán fún àwọn fíìmù ìgbà náà, ṣe Ṣaworoidẹ ní 1999. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Lọ́fù, sì wà lára àwọn tó ṣeré níbẹ̀. Àmọ́ ipa kì í ṣe arọ́pò iṣẹ́ náà gan-an.

Ní 1993, iná jó ojúlówó fọ́nrán àwọn fíìmù Apu ní London. Nígbà tí yóò fi di 2015, àwọn olùtọ́jú ti wẹ èyí tó ṣẹ́ kù, wọ́n fi ẹ̀dà tó wà ní ibòmíràn dí àlàfo rẹ̀, ayé sì tún rí wọn lọ́tun. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n iná kọ́ ni ó bu ẹwà náà, bí kò ṣe ọwọ́ àwọn tó tún ilé kọ́. Fíìmù Ògúndé kò ní láti dúró de iná. Ẹbí, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn yunifásítì àti ilé ìpamọ́ fíìmù orílẹ̀-èdè tó wà ní Jos lè pa ọwọ́ pọ̀. Bí fọ́nrán bá bàjẹ́, ohùn Ọ̀ṣẹ́túrá yóò di ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó gbọ́ ọ. Bí àwọn wọ̀nyẹn náà bá sì lọ, kò ní sí ẹni tí yóò tún un kọ́.