Fáìlì, dátábéèsì àti sọ́fúwíà dátábéèsì
Fáìlì ni ìsọfúnni tí a sọ lórúkọ kan tí a sì fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Dátábéèsì ni àkọsílẹ̀ púpọ̀ tí a tò kí wọ́n lè bára tan. Sọ́fúwíà dátábéèsì, bíi MySQL, ló ń tọ́jú àwọn àkọsílẹ̀ náà.

Káàdì tí dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, lò fún àwọn ọmọdé Ìmẹ̀sí-Ilé lẹ́yìn ọdún 1956 fi ìyàtọ̀ àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn kedere: ìwọ̀n ọmọ ni wọ́n ń fàmì sí lórí rẹ̀, ìyá ọmọ ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, káàdì kan ìbá jẹ́ fáìlì. Gbogbo káàdì, tí a fi nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan tò pọ̀, ìbá jẹ́ dátábéèsì. Ohun tí yóò ṣa àwọn ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n sí i jáde, láìtú káàdì kọ̀ọ̀kan wò, ni sọ́fúwíà dátábéèsì. Ní ti bí a ṣe ń to irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Edgar Codd ti IBM ló gbé ìlànà títò wọn sínú tábìlì jáde ní 1970.